Omi Ń Dà Lójú Ìyá Mi, Dókítà Ní Ojú Rẹ̀ Gbẹ

Ìyá mi kì í ṣe ẹlẹ́kún. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n wó ọjà Owónifáàrí ní Òṣòdì, tí ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ta aṣọ ọmọdé láti ọjọ́ pípẹ́ sì bá a lọ, n kò rí ẹ̀kán omijé kan lójú rẹ̀. Ó kó ìwọ̀n ẹrù tí ó rí kó, ó dì í, ó ní kí n gbé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi pé n kò gbé e dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ó gbà lẹ́yìn náà lápá Bọ́ládé pé, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ta ni ó kú?" ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ pa wá lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó yá, kò pa wá lẹ́rìn-ín mọ́. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan wọlé láti ra aṣọ ìkómọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti ná an, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, kí obìnrin náà tó gbé ojú sókè wo ìyá mi. Ó ní kí ìyá má bínú, òun kò lè ra aṣọ ìkómọ lọ́wọ́ ẹni tí ń sunkún. Ó sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìyá mi gbé aṣọ náà kọ́ padà, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, kò sọ nǹkan kan. Èmi wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, mo ti iléèwé dé. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n dá ọjà padà fún.

Ẹni ọdún 67 ni ìyá mi. Ohun tí ń ṣe ojú rẹ̀ nìyí: omi a máa dà á, ti òsì ju ti ọ̀tún lọ, a máa ta á, a sì dà bí ẹni pé iyanrìn wà lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ìrọ̀lẹ́ burú ju òwúrọ̀ lọ, ìgbà ọyẹ́ sì burú ju gbogbo ìgbà lọ. Nǹkan kan tún wà tí ó máa ń sọ, tí èmi kò fi ọkàn sí. Ó ní bí òun bá wo ilẹ̀ ni ó ń burú jù: bí ó bá ń ka owó ṣéńjì, bí ó bá ń wá òkúta nínú ẹ̀wà, bí ó bá ń ka Bíbélì ní alẹ́. Bí ó bá gbé ojú sókè wo àwọn mọ́tò tí ń kọjá lórí bíríìjì, ara a tù ú díẹ̀. Mo ní àgbà ni, mo ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Bí ẹ bá mọ Òṣòdì, ẹ ó mọ̀ pé kò sí ojú tí kò rí nǹkan bá jà níbẹ̀.

Ọjà kì í ṣaláìní oníṣègùn. Ìyá Ìbejì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí ti ìyá mi ní kí wọ́n wá abiyamọ, kí ó fún wàrà ọmú sí ojú náà. Bàbá fọkanáísà ní ìtọ̀ òwúrọ̀ ni bàbá tirẹ̀ lò títí ó fi kú, tí ó sì ń ka ìwé ìròyìn. Ẹlòmíràn ní omi ṣúgà. Mo lé gbogbo wọn. Tíṣà ni mí. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni mo ti ń ya àwòrán ojú sójú pátákó fún àwọn ọmọ, tí mo sì ń fi ẹgba tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún wọn pé ìtọ̀ àti wàrà ọmú lè gbé kòkòrò àìsàn wọ ojú, kí dúdú ojú sì fọ́ tàbí kí ó di funfun pátápátá. Òótọ́ ni mo sọ níbẹ̀, n kò sì kó o jẹ. Ohun tí èmi fúnra mi wá ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ sọ.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan. Ọmọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ kò tíì tó ogún ọdún. Mo ṣàlàyé fún un, kò jẹ́ kí n parí tí ó fi na ọwọ́ sókè, ó mú ìgò kékeré kan wá, ó ní, "Ọ̀gá, èyí ni gbogbo ènìyàn ń rà." Owó rẹ̀ kò tó ti abọ́ ìrẹsì kan. Mo kán an sí ojú ìyá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta, pípọ́n ojú náà ti lọ, omi ti dín kù, ìyá mi sì ń pe oríkì mi tí kò ti pè fún ìgbà díẹ̀. "Àyìndé ọmọ mi, oògùn rẹ jẹ́!" Ṣé ẹ mọ bí orí tíṣà ti máa ń wú? Mo ra ìgò kejì. Mo ra ìkẹta. Odindi oṣù márùn-ún ni a fi ń rà á, n kò ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi tí mo máa ń na ọmọ tí kò bá ka ìbéèrè kó tó dáhùn.

Ohun tí ó jí mi lójú oorun ni Bíbélì. Ìyá mi a máa ka Sáàmù ní gbogbo alẹ́ kí ó tó sùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, ọmọ mi obìnrin sì jókòó tì í. Ọmọ náà wá bá mi ní yàrá, ó ní, "Bàbá, ìwé tí Ìyá Àgbà ṣí kọ́ ni wọ́n ń kà." Mo lọ wò ó. Ìwé Òwe ni ó ṣí sórí itan rẹ̀, Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà sì ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń ka á láti inú orí rẹ̀ fún n kò mọ iye ọ̀sẹ̀, nítorí bí ó bá wo ìwé, ojú a máa ta á bí ata. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ. Ó ní, "O ti náwó, Àyìndé. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé oògùn rẹ kò jẹ́ mọ́?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì a wọ bọ́ọ̀sì láti inú gáréèjì ńlá tí wọ́n ṣí ní Òṣòdì ní ọdún 2019, a lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà náà jẹ́ obìnrin, kò sì dàgbà tó mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ìyá mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, kí ni ẹ ti ń lò sí i?" Mo yọ ìgò náà nínú àpò mi tìyangàn-tìyangàn. Ó gbà á, ó kà á, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí tábìlì. Kò sọ nǹkan kan. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ń rántí bí kò ti sọ nǹkan kan.

Ó fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ìyá mi, ọ̀kan ní ojú kọ̀ọ̀kan, ó ní kí ó di ojú fún ìṣẹ́jú 5. Dókítà ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Otto Schirmer ni ó gbé àyẹ̀wò yìí jáde ní ọdún 1903, a sì ń lò ó títí di òní. Bí omi kò bá rin bébà náà tó mìlímítà 10, ó ṣe é ṣe kí omi ojú ẹni náà máa tó. Ti ìyá mi rin 17. Èmi ti fẹ́ sọ pé, "Ṣé ẹ rí i, ojú rẹ̀ kò gbẹ," ṣùgbọ́n dókítà náà kò bi mí. Ó kán aró òféèfèé kan sí ojú náà, ó gbé àgbọ̀n ìyá mi lé ẹ̀rọ tí ń tan ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó yí ìmọ́lẹ̀ náà sí búlúù, ó ní kí ó wo òkè, kí ó wo ilẹ̀, kí ó ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì pè mí pé, "Tíṣà, ẹ wá wò ó."

Ẹ̀yin ará, mo ti ń ya ojú láti ọdún yìí wá, n kò mọ̀ pé ojú wọ aṣọ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó bo funfun ẹyinjú, ó mọ́ gaara bí ọ̀rá tí wọ́n fi ń pọ́n búrẹ́dì. Ní ìgbà èwe, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú dáadáa. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ, okun tí ó fi dì mú ara rẹ̀ a máa dẹ̀, awọ náà a sì máa ṣẹ́po sísàlẹ̀, bí ìbọ̀sẹ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹrà tí ń wọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀. Nínú àwòrán náà mo rí ìṣẹ́po mẹ́ta tí wọ́n jókòó lé etí ìpéǹpéjú ìyá mi. Bí ó bá wo ilẹ̀, wọ́n a ga sí i. Ìyá mi náà wò ó. Aláṣọ ni, ó ní, "Háà, búbà ojú mi ti tóbi jù mí lọ." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì gbọ́ èyí tí ó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, W. L. Hughes, fún un ní ọdún 1942 ni conjunctivochalasis, ìyá mi kò sì gbìyànjú àtipè é.

Báwo wá ni ojú tí omi ń dà ṣe ń gbẹ? Mo bèèrè bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì gbà pé ó yẹ kí n bèèrè. Dókítà ní ibi tí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ti kan ẹyinjú, gọ́tà kékeré kan ni, omijé a máa wà nínú rẹ̀ bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbàkígbà tí a bá ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú a bu nínú rẹ̀, a sì fi ra ojú. Èyí tí ó bá kù a gba ihò kékeré kan ní kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, a sì ṣàn sínú imú. Ìdí nìyẹn tí imú fi máa ń ṣọmi bí ènìyàn bá sunkún. Nígbà tí awọ tí ó ti dẹ̀ bá wọ́ sínú gọ́tà yìí, ọ̀nà ti dí. Omi kò rí ojú rà, kò sì rí ihò wọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ó ń gbà lọ. Bí òjò bá rọ̀ ní Òṣòdì, tí ọ̀rá pyọ́ wọ́tà ti di gọ́tà, ẹ ó rí i tí omi gba títì tí ó dé orókùn, síbẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ̀rọ omi ilé kò yọ, a sì ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Bí ojú ìyá mi ti rí nìyẹn.

Ó tún ní omijé kì í ṣe omi nìkan. Òróró díẹ̀ a máa jáde láti etí ìpéǹpéjú, a léfòó lórí omi náà kí afẹ́fẹ́ má baà tètè fà á gbẹ. Ohun kan tí ó ń yọ̀ bí ilá sì wà nísàlẹ̀ tí ó jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ojú. Omi tí ń ya nítorí pé nǹkan ń ta ojú kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń ya ni. Yàtọ̀ sí èyí, awọ tí ó ṣẹ́po náà ń ha ojú nígbà gbogbo tí ó bá ṣẹ́jú, ojú a wú, a pọ́n, wíwú náà a tún mú kí awọ dẹ̀ sí i. Aró òféèfèé yẹn ti ràn mọ́ ìsàlẹ̀ dúdú ojú ìyá mi ní tótòtó. Ibẹ̀ ni ó ti gbẹ tí ó sì bó.

Mo bèèrè bóyá gbogbo àgbà ni ó ń ṣe. Ó ní awọ ojú púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà a máa dẹ̀ díẹ̀, wọn kì í sì í mọ̀, nítorí kò yọ wọ́n lẹ́nu. Ojú gbígbẹ tilẹ̀ pọ̀ ní irú. Ti ẹlòmíràn, omi gan-an ni kò tó. Ti ẹlòmíràn, òróró ni ó dì. Egbòogi kàtá àti ti ara yíyún tí à ń gbé mì lásán máa ń fa òmíràn. Ó ní ohun tí ìyá mi ń tẹnu mọ́, pé bí òun bá wo ilẹ̀ ni ó ń burú, wà lára ohun tí ó tọ́ka sí awọ náà. Ẹ rántí pé ìyá mi ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Mo rò pé a ti parí. Nígbà náà ni dókítà na ọwọ́ sí ìgò tí mo mú wá. Ó bèèrè oṣù tí a ti ń lò ó. Mo ní márùn-ún. Ó ní, "Dexamethasone ni ó wà nínú rẹ̀, sìtẹ́rọ́ìdì ni. Ta ni ó kọ ọ́ fún yín?" Ẹnu mi gbẹ ju ojú ìyá mi lọ.

Ó wọn ìfúnpá inú ojú náà. Láti 10 dé 21 ni ó yẹ kí ó wà. Ti ọ̀tún jẹ́ 28, ti òsì 32. Ó ṣàlàyé pé oògùn yìí kì í ṣe májèlé. Dókítà a máa kọ ọ́ fún ìgbà kúkurú láti mú kí wíwú ojú wálẹ̀, òun náà ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n a máa ń ṣọ́ ọ ni. Bí ó bá pẹ́ lójú àwọn ènìyàn kan, omi inú ẹyinjú kò ní rí ọ̀nà jáde, ìfúnpá a ga, a sì máa pa iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Kò ní dun ni. Glọkómà nìyẹn, ohun tí ó bá sì ti mú lọ nínú ìríran, kò sí ẹni tí í gbà á padà. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, nínú 100 ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún tí ojú wọn fọ́, kàtárátì ni ó fọ́ ti 43, glọkómà sì fọ́ ti bí 17. Kàtárátì ṣe é yọ. Ìyá mi kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ nítorí pé èdè òyìnbó ni dókítà fi sọ ọ́ fún mi, ó rọra sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé ojú àánú ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó gba oògùn náà lọ́wọ́ wa. Ó kọ omijé àtọwọ́dá, irú èyí tí kò ní èròjà apakòkòrò nínú, kí a máa kán an nígbà mẹ́fà lójúmọ́, àti òmíràn tí yóò mú ìfúnpá wálẹ̀. Ó ní kí ó má fi ọwọ́ ra ojú, kí fáànù má kọjú sí i, kí ó jìnnà sí ẹnu jẹnẹrétọ̀, kí ó sì máa gbé Bíbélì sókè dé ìpele ojú dípò kí ó gbé e sórí itan. Ó ní bí èyí kò bá tó, iṣẹ́ abẹ kékeré wà: a lè fi iná fẹ́ẹ́rẹ́ mú awọ náà sún kì, tàbí kí a gé èyí tí ó pọ̀jù kúrò, kí a sì fi awọ tí ó bo ọmọ nínú oyún lẹ̀ ẹ́. Wọ́n a máa gba irú awọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tí ó bá bímọ, wọ́n a fọ̀ ọ́, wọ́n a tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí mo túmọ̀ èyí, ìyá mi dìde dúró. "Àpò tí wọ́n fi ń bí Òkè? Ẹ fẹ́ fi lẹ ojú mi?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni Òkè, inú àpò ni wọ́n bí i sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹbí ni ó kà á sí. Dókítà ní ó di ìgbà tí ó bá pọn dandan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìfúnpá ti wálẹ̀ sí 17 àti 20. Ojú ń ta á síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń ka Sáàmù níbi tí ó ṣí ìwé sí. Nǹkan kan wà ní iṣan ojú òsì tí dókítà ní òun kò lè sọ bóyá ó ti wà níbẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ oògùn mi. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni a ó máa lọ wò ó. Mo sọ èyí fún ìyá mi nínú bọ́ọ̀sì. Ó dákẹ́ títí a fi kọjá Ìlúpéjú, ó wá ní, "Ṣé ìwọ náà kọ́ ni o mú mi débẹ̀?" N kò mọ̀ bóyá kẹ́míìsì ni ó ń wí ni tàbí ilé ìwòsàn, n kò sì bi í.

Nígbà tí a dé Bọ́ládé ni ó wá sọ èyí tí ó jù. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti kọ́kọ́ dára, ó ti júwe ìgò náà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Oògùn tí ọmọ mi tíṣà rà fún mi ni." Orúkọ mi ni wọ́n fi ń rà á. Ìyá Ìbejì ń lò ó. Ìyá Aláta ń lò ó. Obìnrin kan ní ọ̀nà Máfolúkù ti rà á ránṣẹ́ sí abúlé.

Ní ọjọ́ Sátidé mo ti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Ìbejì fún mi ní tirẹ̀ kíá, ó ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé wàrà ọmú ni. Mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n lọ wọn ìfúnpá ojú wọn, pé ẹ̀ka ojú wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, kò sì jìnnà sí wa. Ìyá Aláta ni kò gbà. Ó fi ìgò náà sínú gèlè, ó wéé mọ́ ọn. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń gún ata, ojú òun kò funfun báyìí rí, kí ni mo wá ń fi ojú òun ṣe ìlara sí? Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọjà, níwájú àwọn ọmọ iléèwé mi méjì tí wọ́n wá ra tòmátì. Ó ní kí n dìde, òun ti gbọ́, kí n jẹ́ kí òun rò ó.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀ ni ó ní kí n wá mú òun lọ. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé wa.